Mẹ́dà Méjì Nílé Ṣóbọ̀wálé

Ìkòsì, Kétu, Èkó.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Keje, 2025.

Kúnbi ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ṣùgbọ́n ìwé ni màá fi dá ọ lóhùn. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ to lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kò lè máa dá sọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú. Bí a ṣe máa ń ṣe é náà ni: màá kọ ọ́ sínú ìwé, màá ya fọ́tò rẹ̀, màá fi í sórí Wáàsáàpù. Ìwọ náà kọ tìrẹ dáadáa, pẹ̀lú ibi tí o wà àti ọjọ́ lókè. Má sì fi àwòrán orí tó ń rẹ́rìn-ín dá mi lóhùn mọ́. Èyí tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, mi ò tíì mọ̀ bóyá èmi lo fi ń rẹ́rìn-ín.

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Ìyá rẹ ní kí o yé fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú ilé, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ dùn mọ́ mi débi pé mi ò lè jókòó. O ní Keziah, obìnrin òyìnbó tó ń tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tó wà ní pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ lẹ́bàá ìlú yín, rí orúkọ bàbá mi, Akínkúnmi Ṣóbọ̀wálé, láàárín àwọn tó gbéra níbẹ̀ lọ bá Jámánì jagun. O ní ó fẹ́ gbé mẹ́dà rẹ̀ sínú àpótí onígíláàsì ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìrántí àwọn ológun. Ìwọ rò ó wò. Ọmọ Abẹ́òkúta tó wá ń tún rédíò ṣe ní Kétu, òun ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri níbẹ̀. Nígbà tí iná ṣẹ́ yọ nínú ọkọ̀ òfurufú wọn lókè lọ́hùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi pa á kí ọkọ̀ náà tó rí ilẹ̀ bà sí. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fún un ní mẹ́dà náà bí àmì ẹ̀yẹ nìyẹn. Bí mo bá rí orúkọ yẹn lára ògiri òyìnbó, kódà kó jẹ́ nínú fọ́tò, kò sí ohun tí mo tún ń wá.

Ṣùgbọ́n má ṣe sọ fún Àǹtí Àpèkẹ́ rẹ. O mọ̀ pé a kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ìyá tiwọn ni ìyáálé, ìyá tèmi ni ìyàwó. Nígbà tí bàbá wa kú, ìdí-igi ni wọ́n fi pín ogún rẹ̀. Aya méjì ló ní, nítorí náà ọ̀nà méjì ni gbogbo nǹkan, iye ọmọ kò kan ẹnikẹ́ni. Ilé tiwọn mú kẹ̀kẹ́ ológeere, ilé tiwa mú àpótí irinṣẹ́ rédíò. Ó wá ku mẹ́dà, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni mẹ́dà. Ìyáálé ní tòun ni. Ìyá mi ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí bàbá bí, ẹ̀yìn òun ló wà. Bàbá Ṣódípẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó jẹ́ olórí ẹbí, kò fẹ́ kí àwọn opó méjì fa aṣọ ara wọn ya lójú àlejò, ló bá lọ bá Bàbá Abdulrauf, alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Kétu, ó ní kó bá òun rọ èkejì. Ó fún opó kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan, ó sì sọ fún kálukú ní kọ̀rọ̀ pé tirẹ̀ ni ojúlówó. Gbogbo ẹbí ló padà mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ̀kan, ṣùgbọ́n Bàbá Ṣódípẹ̀ kú láì sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó fún ẹnikẹ́ni.

Èmi mọ̀ pé tiwa ni ojúlówó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ tí Afeez, ọmọkùnrin wọn, bí, mo ní ayédèrú ni tiwọn. Àǹtí rẹ ní kí n má tẹ ilé àwọn mọ́ títí n ó fi kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Mi ò kó o jẹ, mi ò sì tẹ ibẹ̀. Láti ìhín dé Àgìlìtì, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ni, ṣùgbọ́n ó ti wá jìn sí mi ju ọ̀dọ̀ rẹ lọ.

Bá mi bi Keziah pé kí ni ìtàn mẹ́dà náà gan-an. Ta ló dá a sílẹ̀, àwọn wo ni wọ́n sì ń fún? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bi mí, ohun tó bá wá sí mi lẹ́nu ni mo máa ń sọ fún wọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
R. Ẹ. Ṣóbọ̀wálé.


Lincoln, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹjọ, 2025.

Dádì mi,

Ẹ káalẹ́, sà. Mo fi ọjọ́ àti ìlú sókè bí ẹ ṣe wí, kí ẹ má baà dá ìwé mi padà bíi ti ẹni tí kò lẹ sítáḿpù. Ara mi le. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí ní ilé àwọn arúgbó, ìdí nìyẹn tí mo fi pẹ́. Ẹ sọ fún Mọ́mì pé mo ti ra bàtà onírun tí mo ń wọ̀ nínú ilé.

Mo lọ bá Keziah, ó sì fi ife tíì mẹ́ta ro ìtàn mẹ́dà fún mi. Ọdún 1918 ni ọba wọn ìgbà náà dá a sílẹ̀, ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ nínú oṣù Kẹfà. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú wọn kò tíì ju ọmọ oṣù méjì lọ nígbà náà. Oríṣi méjì ni wọ́n ṣe fún ìgboyà lójú òfurufú níbi tí ọ̀tá bá wà. Àwọn ọ̀gá ń gba àgbélébùú fàdákà, àwọn ọmọ abẹ́ wọn ń gba mẹ́dà fàdákà tó rí bí ẹyin. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà o, iná kan náà ló ń jó wọn, ṣùgbọ́n ipò ẹni ló ń sọ èyí tí wọ́n máa fi kọ́ ọ láyà. Ọdún 1993 ni wọ́n tó fòpin sí i, wọ́n pa mẹ́dà yẹn tì, wọ́n ní kí gbogbo wọn jọ máa gba àgbélébùú. Sájẹ́ǹtì ni bàbá yín, ìdí tó fi jẹ́ mẹ́dà ni wọ́n fún wọn nìyẹn.

Iwájú mẹ́dà náà, orí ọba ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀, obìnrin kan jókòó sórí ọkọ̀ òfurufú, àwòdì sì ń fò kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń so ó rọ̀ ní ìlà funfun àti elésè àlùkò. Níbẹ̀rẹ̀, ìlà náà dùbúlẹ̀ gbalaja, àmọ́ kò ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi ní kó máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n sì máa ń fín nọ́ńbà àti orúkọ ẹni tó gbà á sí etí mẹ́dà náà yíká.

Ohun tí Keziah ń fẹ́ nìyí: fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti etí mẹ́dà yín, kó lè wò ó dáadáa. Ó tún fẹ́ fọ́tò bàbá yín fúnra wọn, kó lè gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ó ní àwọn èèyàn kì í dúró pẹ́ níwájú irin, àfi tí wọ́n bá rí ojú ẹni tó ni ín.

Ẹ má bínú, sà, ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ó ní ẹni tí wọ́n dìídì fún ní mẹ́dà ló ń fi í sí àyà òsì. Ọmọ tó bá wọ ti bàbá rẹ̀, ọ̀tún ló yẹ kó fi í sí. Mo rántí ẹnìkan ní Ìkòsì tó ń fi í sí òsì ní gbogbo Ọjọ́ Ìrántí àwọn ológun nínú oṣù Kìíní, tó sì ń yan bí ẹni tó dé láti ojú ogun lánàá.

Ní ti Àǹtí Àpèkẹ́, inú mi ò dùn sí i. Ẹ̀yìn wọn ni mo sùn sí jù nígbà tí Mọ́mì ń kàwé.

Ọmọ yín,
Kúnbi.


Ìkòsì, Kétu, Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹjọ, 2025.

Kúnbi,

Ìwé rẹ dùn-ún kà, àfi ibi tí o ti ń kọ́ bàbá rẹ ní aṣọ wíwọ̀. Ó dáa, mo gbọ́, ọ̀tún ni.

Kí ọ̀gá gba àgbélébùú kí ọmọ abẹ́ gba mẹ́dà kò yà mí lẹ́nu rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún wa ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá wa fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri tó ń dún. Nígbà tó kàn mí, wọ́n fún mi ní agbòòrùn, kò sì ṣí.

Mo ti fi àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí. Ẹyẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ti máa ń rò pé adìẹ ni, mo sì máa ń ṣe kàyéfì pé kí ni adìẹ ń wá lójú ogun. Àṣé àwòdì ni. Ní ti etí, mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni ìyá mi fi ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọdún Kérésìmesì, orúkọ wo ni kò ní parẹ́? Sọ fún Keziah bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n fọ́tò bàbá mi kò sí. Ẹyọ kan ló wà láyé, ìyá mi gbé e kọ́ nígbà tí a ń gbé Ajégúnlẹ̀ lẹ́yìn Mile 12. Odò Ògùn kún lọ́dún kan, ó wọlé dé àyà, ó sì gbé e lọ. Ọmọ tó ń rákò ni mí nígbà tí bàbá mi kú, mi ò sì já fáfá tó láti tẹjú mọ́ fọ́tò náà kí omi tó gbé e. Bí mo bá pàdé bàbá mi lójú títì Ìkòròdú lónìí, n ó kọjá lára wọn ni, n ó ní kí wọ́n yà lọ́nà fún mi. Ó máa ń dùn mí. Má bi mí mọ́.

Mo ti sọ fún gbogbo ìjọ. Pásítọ̀ kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ní kí n dìde, mo dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n ti ń pè mí ní Ọmọ Akọni. Nítorí náà, sọ fún Keziah kó ṣe kíá.

Bàbá rẹ,
R. Ẹ. Ṣóbọ̀wálé.


Àgìlìtì, Mile 12, Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹjọ, 2025.

Kúnbi Àṣàkẹ́,

Àsàláàmù aláékùm. Afeez ló ń bá mi kọ ọ́, èmi ni mò ń pè é fún un. Ó ti fẹ́ máa tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Afeez, bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́.

Ṣé mẹ́dà lo torí ẹ̀ rántí mi? Ọdún wo lo ti bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? O bí ọmọ mi lóhùn-ún ni tàbí o ò tíì bí? O lọ́kọ ni? Ìyẹn ò sí nínú ìwé rẹ. Kìkì pé kí n ya fọ́tò mẹ́dà mi, iwájú, ẹ̀yìn, etí, kí òyìnbó kan lè fi wé ti bàbá rẹ. Ó dáa, mo ti ya á. Ìwọ ni mo yà á fún, kì í ṣe Reuben bàbá rẹ.

Ojú àwọn àna mi ni bàbá rẹ ti pe ohun ìní mi ní ayédèrú, tí àwọn alásè sì ń gbọ́. Mo ti ń ta àlùbọ́sà látìgbà tí ọjà wà ní Kétu kí wọ́n tó kó wa wá sí Mile 12. Àwọn Hausa tó ń kó o wá láti Òkè Ọya kì í ka owó mi kí wọ́n tó gbà á, èmi náà kì í já àpò tiwọn wò. Ẹnikẹ́ni ò pe ọjà mi ní ayédèrú rí, àfi àbúrò tí mo fi ẹ̀kọ gbígbóná tọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi nìyí. Bí òyìnbó bá ní ti bàbá rẹ ni ojúlówó, kọ ọ́ sí mi, n ó gbà, kò ní pa mí. Bí ó bá ní tèmi ni, má sọ fún un. Jẹ́ kó máa yangàn kiri. Èmi gun kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn bàbá wa, mo mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, mo mọ bí ọwọ́ wọn tó jóná ṣe máa ń le koko tí wọ́n bá gbá mi létí. Reuben ò ní ìkankan nínú ìyẹn. Irin yẹn nìkan ni bàbá tó mọ̀.

Ó ṣì ń bí mi nínú o. Afeez, kọ ìyẹn náà.

Èmi ni,
Alhaja Àpèkẹ́, ìyá Afeez.


Lincoln, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Dádì mi,

Ẹ kú ìsinmi, sà. Bí ẹ bá ń ka èyí lórí ìdúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó.

Mo kọ̀wé sí Àǹtí Àpèkẹ́. Ẹ ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ṣe é. Keziah ló ní òun ò lè sọ nǹkan kan nípa ẹyọ kan láì rí ìkejì, nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún un pé méjì ni wọ́n. Àǹtí ya fọ́tò tiwọn ránṣẹ́, Keziah sì tẹ́ méjèèjì sílẹ̀, ó ń fi awò wò wọ́n.

Ti Àǹtí ni ojúlówó, Dádì. Nọ́ńbà bàbá yín, ipò wọn àti orúkọ wọn wà létí rẹ̀ yíká, ó sì bá ohun tó wà nínú ìwé àwọn ológun mu. Etí tiyín kò parẹ́, wọn ò fín nǹkan kan síbẹ̀ rárá ni. Adìẹ yẹn náà, Keziah ní adìẹ gan-an ni. Ní ti iwájú, ọba tó wà lára ti Àǹtí ya irun rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, imú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó wà lára tiyín kò ya irun, imú rẹ̀ fẹ̀, ìlà mẹ́ta sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Keziah ní kò sí ọba Gẹ̀ẹ́sì kankan tó kọlà.

Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀ bóyá kí n pa á mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá yín lẹ fẹ́ rí lára ògiri, ìyẹn kò sì lè ṣeé ṣe bí mo bá parọ́. Àpótí náà ṣì wà fún wọn. Ohun kan ṣoṣo ni Keziah ní kó dá òun lójú: kí ẹbí jọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan. Ẹbí méjì ti bá a ṣẹjọ́ rí torí bàtà ọmọ ogun kan, kò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀yin àti Àǹtí bá jọ fọwọ́ sí i kí oṣù Kẹwàá tó parí, wọ́n máa ṣe é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa gbé ti ẹlòmíràn síbẹ̀.

Ọmọ yín,
Kúnbi.


Lincoln, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹwàá, 2025.

Dádì mi,

Ẹ dákẹ́ jù. Àmì búlúù méjì ti hàn lábẹ́ ìwé mi láti ọjọ́ tí mo ti fi í ránṣẹ́, nítorí náà mo mọ̀ pé ẹ ti kà á, ẹ má sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Mọ́mì ní ẹ ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, pé ẹ ní ẹsẹ̀ ń dùn yín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ń gbé yín lọ ra ìwé ìròyìn.

Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́. Ó sàn fún mi ju kí n máa wo fóònù.

Ọmọ yín,
Kúnbi.


Ìkòsì, Kétu, Èkó.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹwàá, 2025.

Kúnbi,

O ní kí n bú ọ, mo sì ti bú ọ tó lọ́kàn mi. Mo ní kí o má kọ̀wé sí wọn, o kọ ọ́. Ó wá di pé èmi tí mo pe tiwọn ní ayédèrú láàárín àwùjọ, ayédèrú ló wà láyà mi. Mo ti fi í yan níwájú ìjọ. Ọmọ Akọni. Báwo ni n ó ṣe padà dìde dúró láàárín wọn kí n ní ẹ má bínú, adìẹ ni?

Jẹ́ kí n sì sọ ọ̀kan fún ọ. Ìlà mẹ́ta yẹn kì í ṣe ilà ojú. Ìwọ lo ha á nígbà tí o wà ní kíláàsì kejì, tí o lọ gbé e níbi tí kò yẹ kí o dé, tí o fi iyanrìn fọ̀ ọ́. Mo nà ọ́ torí ẹ̀. Bí Keziah bá fẹ́ mọ ẹni tó kọlà fún ọba, sọ fún un pé ìwọ ni.

Mi ò lè lọ sí Àgìlìtì. Kó gbé ti ẹlòmíràn síbẹ̀.

R. Ẹ. Ṣóbọ̀wálé.


Lincoln, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, 2025.

Dádì mi,

Ẹ ṣé tí ẹ fèsì. Ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe iyanrìn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún yín lọ́jọ́ náà tí ẹ ò gbọ́. Ìlà yẹn ti wà níbẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò fẹ́ sọ. Àǹtí bẹ̀ mí pé bí tàwọn bá jẹ́ ojúlówó, kí n má sọ fún yín. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ẹ máa yangàn, torí pé irin yẹn nìkan ni bàbá tí ẹ mọ̀. Àwọn tí ẹ bú lójú àna ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ fún yín, kì í ṣe àwọn.

Àwọn kọ́ lẹ ń bá jà mọ́, Dádì. Ẹ lọ kí wọn. Bí ẹ ò bá fẹ́ ṣe é torí Keziah, ẹ ṣe é torí ẹ̀kọ gbígbóná.

Ọmọ yín,
Kúnbi.


Ìkòsì, Kétu, Èkó.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá, 2025.

Kúnbi ọmọ mi,

Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé ara mi le, torí pé ìwé yìí gùn, o lè rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Nǹkan ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi le.

Mo ka ìwé rẹ ní àkàtúnkà títí bátìrì fóònù fi kú. Lánàá, lẹ́yìn tí ìyá rẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo wọ agbádá, mo fi áńkáṣífù di mẹ́dà mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Àgìlìtì. Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ, mo ń kà á lábẹ́nu, onímárúwá rò pé mò ń gbàdúrà torí bó ṣe ń sáré. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá àǹtí rẹ, wọ́n ń ṣa àlùbọ́sà tó rà kúrò nínú èyí tó dáa. Wọ́n gbójú sókè. Mo dọ̀bálẹ̀ tagbádá-tagbádá sórí èèpo àlùbọ́sà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ṣètò sá lọ. Mo kàn ní, "Tèmi ni ayédèrú. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ má bínú."

Wọ́n ní, "Dìde, eékún rẹ kì í ṣe ti ọmọdé mọ́." Wọ́n wá ní, "Kúnbi ò lè pa ẹnu mọ́. Ìwọ ló jọ."

Mo tú áńkáṣífù, mo ní kí wọ́n gbà á, kí wọ́n wo ohun tí mo ń tìtorí ẹ̀ yan kiri. Wọn ò rí i rí. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ilé tiwọn fojú kàn án, èmi náà kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í sì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n fi ìborí nù ún. Wọ́n ní kí Afeez mú awò ojú àwọn wá. Wọ́n gbé e lọ sí ojú fèrèsé, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé ẹ̀sín mi ni wọ́n ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà ṣe. Ìgbà tí wọ́n yíjú padà, omi ti bọ́ lójú wọn.

Wọ́n ní, "Reuben, ta ló sọ fún ọ pé ọba nìyí?"

Mo ní ìyá mi ló sọ pé ọba ló ń wà níwájú mẹ́dà.

Wọ́n ní, "Bàbá wa nìyí."

Kúnbi, mi ò mọ bí mo ṣe jókòó. Orí àpò àlùbọ́sà ni mo bá ara mi. Wọ́n ní lẹ́yìn tí wọ́n pín ogún tán, Bàbá Ṣódípẹ̀ fi ìwé ìròyìn wé fọ́tò bàbá wa, ó fi rán àwọn sí Bàbá Abdulrauf. Wọ́n ní àwọn jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán, tí ó ń wo fọ́tò, tí ó ń fín nǹkan, tí ó tún ń wo fọ́tò. Ọmọdé ni wọ́n, wọ́n rò pé férémù ló ń ṣe fún un. Wọ́n gbé fọ́tò náà padà sílé, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ títí di àná. Ọ̀rẹ́ bàbá wa ni Bàbá Abdulrauf, wọ́n jọ máa ń ta ayò níwájú ìsọ̀ náà. Bóyá Bàbá Ṣódípẹ̀ ló ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀, bóyá òun fúnra rẹ̀ ló rò ó pé ọba wo ló bá ọ̀rẹ́ òun pa iná lókè, a ò lè mọ̀ mọ́. Àwọn ìlà mẹ́ta yẹn, pélé bàbá mi ni. Imú wọn nìyẹn. Etí wọn nìyẹn, tí òsì yọ síta ju ọ̀tún lọ. Àǹtí rẹ ń fi ìka tọ́ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà sunkún. Kò sí ẹni tí mo fẹ́ tan jẹ.

Nígbà tó yá, wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé tiwọn jáde nínú àpótí, wọ́n ní, "Ó dáa, gba ti ọba, kí o fún mi ní ti bàbá mi."

Mo pa ọwọ́ dé. Mo ní rárá o.

Wọ́n ní àwọn ni àgbà. Mo ní ìdí-igi ni wọ́n fi pín in, ilé tiwa ni èyí bọ́ sí. Wọ́n ní ṣé èmi tí mo pè é ní ayédèrú kò tíì pẹ́ yìí? Mo ní ìyẹn ni mo kó jẹ. Wọ́n ní èmi kọ́ ni mo gbé fọ́tò lọ sí ìsọ̀, mo ní àwọn náà rò pé férémù ni. Afeez sáré wọlé, ó rò pé ìjà àtijọ́ ló tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀bà fún wa, a jẹ ẹ́ tán, a tún ń bá a lọ. A ò tíì parí rẹ̀. Lọ́la ni mo tún ń lọ bá wọn jà á, wọ́n ní kí n má pẹ́ dé.

Sọ fún Keziah pé ẹbí ti ní ohùn kan. Èmi àti àǹtí rẹ ti fọwọ́ sí ìwé tó fi ránṣẹ́, fọ́tò rẹ̀ nìyí. Ti ọba ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyẹn ò já mọ́ nǹkan lójú wa mọ́. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi kò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ nínú oṣù Kẹjọ, kó fẹ̀ ẹ́ lójú, kó gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, kó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Akínkúnmi Ṣóbọ̀wálé nìyí.

Ẹgba tí mo nà ọ́ nígbà yẹn, má bínú. Ojú bàbá mi lo ń bá mi fọ̀.

Alẹ́ àná, nígbà tí mo délé, mo dúró síwájú dígí inú yàrá, mo sì gbé mẹ́dà náà sí ẹ̀gbẹ́ ojú mi. Ìyá rẹ bi mí pé ṣé kòkòrò ló jẹ mí ni. Mo wo imú, mo wo etí òsì. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, Kúnbi, gbogbo èèyàn tí mo bá pàdé ló ń sọ fún mi pé mo jọ ìyá mi.

Irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo jọ bàbá mi.

Reuben, ọmọ Akínkúnmi.